Kí gbogbo èèyàn rí i kà, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di tirẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìkànnì ayélujára ni mò ń ṣe ní Kàbà níbí, ní ilẹ̀ àwa Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, fún àwọn tó jọ jáde nílé ìwé kan náà, fún àwọn ìyá tó ń hun aṣọ ní Bùnú àti ní Ògìdì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìtàn ìlú tàbí oríkì ìdílé rẹ̀ síta, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bá mi sọ: "Jọ̀ọ́, bá mi tì í pa o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kọ́pì rẹ̀." Ohun tó ń bí wọn nínú yé mi. Àgbàlagbà á rìn káàkiri, á gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó jù ú lọ, á jókòó tò ó, lẹ́yìn náà á rí i lójú Facebook lábẹ́ orúkọ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Síbẹ̀, èmi kì í ti ìkànnì pa bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé ni títì yẹn ń dá dúró, kò dá olè dúró. Ohun tí mo ń ṣe dípò rẹ̀ ni mo kọ síbí, kí ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìkànnì ní Mọpà, ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Ìyàrà lè ṣe bákan náà.

Ìdí tí àgádágodo yẹn kò fi dúró

Bí ẹnì kan bá tẹ àdírẹ́sì ìkànnì yín, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀ á kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú ojú ìwé náà ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Inú fóònù yẹn ni bùráúsà, irú Chrome tàbí Firefox, ti ń tò ó kí ó tó hàn. Kí ojú tó rí i, ẹ̀dà kan ti wà lọ́wọ́ onífóònù ná.

Àwọn àgádágodo tí wọ́n ń tà fún wa kò ju mélòó kan lọ. Ọ̀kan kì í jẹ́ kí ẹ tẹ apá ọ̀tún mouse. Òmíràn, tí wọ́n ń kọ ní user-select: none, kì í jẹ́ kí ẹ fi ìka sàmì sí ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ń sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán pátápátá. Ẹ dán wọn wò fúnra yín. Ẹ fi Firefox orí kọ̀ǹpútà ṣí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, kí ẹ di Shift mú bí ẹ ṣe ń tẹ apá ọ̀tún mouse: ohun tí wọ́n ní ẹ ò lè rí á yọ síta. Ẹ tẹ Ctrl àti U pọ̀, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ pa JavaScript, kọ́òdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ojú ìwé, nínú ètò bùráúsà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á já. Èyí tí wọ́n sọ di àwòrán ńkọ́? Ẹni tó bá ya ojú fóònù rẹ̀, tó gbé e fún Google Lens, á rí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mú jáde. Ó tún ṣeé ṣe kí àmì ohùn já dànù lójú ọ̀nà, kí èyí tó wá ń kiri ìgboro jẹ́ ẹ̀dà tó ti bàjẹ́.

Èyí tó tún burú jù ni fọ́ǹtì àdàlù. Wọ́n á ṣe fọ́ǹtì tí lẹ́tà k inú rẹ̀ máa ń hàn bí b, tí t máa ń hàn bí ẹ, kí ọ̀rọ̀ tó hàn lójú lè yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́pì rẹ̀ á kó lẹ́tà rúdurùdu tí kò ní ìtumọ̀. Ẹni tí fọ́ǹtì náà kò bá wọlé sórí fóònù rẹ̀, rúdurùdu kan náà ni yóò rí.

Àwọn tí títì yẹn ń tì síta

Bàbá kan wà ní Ìsánlú, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. TalkBack inú fóònù Android rẹ̀ ló fi ń kàwé. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà fi ń pe Yorùbá, ṣùgbọ́n etí bàbá ti mọ́ ọn, ó ń gbọ́ ọ yé. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá ìtàn ìlú wọn. Wọ́n á fi ìka fa ojú gíláàsì láti òsì sí ọ̀tún, fóònù á ka ohun tó kàn. Ó ka orúkọ ìkànnì. Ó ka "Ilé". Ó ka "Nípa wa". Bó ṣe dé ibi tí ìtàn wà, orúkọ fáìlì ló kà: I, M, G, òǹkà gbọọrọ kan, lẹ́yìn náà "image". Wọ́n fà á padà, òǹkà yẹn náà ni. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ ni?" Bẹ́ẹ̀, ìtàn kún ojú fóònù náà bámúbámú, lẹ́tà dúdú lórí funfun. Ẹni tó ṣe é ti sọ ọ́ di àwòrán kí wọ́n má baà jí i.

Ìtàn ìlú wọn ni o. Ó ṣeé ṣe kí bàbá yìí wà lára àwọn àgbà tí wọ́n gba ìtàn yẹn lẹ́nu wọn.

Kì í ṣe afọ́jú nìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń lo Opera Mini nítorí dátà. Bí wọ́n bá fi í sí ipò tó ń fún dátà pa jù, kọ̀ǹpútà Opera ló ń kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé, á fún un pọ̀, kí ó tó fi ránṣẹ́. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ JavaScript kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fọ́ǹtì tí ẹ gbé wá láti ibòmíràn kì í sì í wọlé. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí London ńkọ́? Ó rí ọ̀rọ̀ Yàgbà kan tí kò yé e, ó fẹ́ kọ́pì ẹyọ ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kó bi í léèrè. Ẹ ti dì í lọ́wọ́. Google pẹ̀lú, orí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ní lẹ́tà ló ń gbára lé jù láti mọ ohun tó wà nínú ojú ìwé, nítorí náà ìtàn tó di àwòrán kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ nígbà tí ẹnì kan bá ń wá a.

Òfin náà ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin tó lòdì sí yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà, ti ọdún 2018, di òfin ní oṣù kìíní 2019. Ìlànà WCAG tí gbogbo ayé ń lò fún ìkànnì sì sọ ọ́ kedere pé ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀, kí a kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, kí a má sọ ọ́ di àwòrán ọ̀rọ̀.

Lẹ́tà wa kọ́kọ́

Ibi tí mo ti ń lo àkókò jù nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ìkànnì Yorùbá ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ kọ charset="utf-8" sínú àmì head ojú ìwé, kí lẹ́tà wa má baà dàrú. Ẹ kọ lang="yo" sínú àmì html, kí bùráúsà àti ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè lè mọ èdè tó wà níwájú wọn. Bí ìpínrọ̀ kan bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi lang="en" sí ìpínrọ̀ yẹn nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ẹ ṣe ń tẹ lẹ́tà. Lẹ́tà ẹ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ń pè ní U+1EB9. Ó tún lè jẹ́ méjì: e lásán, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tí wọ́n fi lé e. Àwọn kan a tiẹ̀ máa lo ìlà kékeré tó dúró, U+0329, dípò àmì yẹn. Lójú yín, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹnì kan bá tẹ Ọ̀bàrò, oyè ọba Kàbà, sínú àpótí ìwárí inú ìkànnì yín lọ́nà kan, tí ẹ̀yin sì kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, ìkànnì lè sọ fún un pé kò sí. Ìlànà kan ni kí ẹ mú. Èmi ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní NFC: ẹ, ọ àti ṣ á jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àmì ohùn á sì gun orí wọn. Ẹ̀yin tó mọ kọ́òdù, ẹ kọ́kọ́ fi U+0323 rọ́pò U+0329, torí NFC kì í yí ìyẹn padà, kí ẹ wá fi normalize("NFC") kọjá lórí gbogbo ọ̀rọ̀ kí ó tó wọlé sí ìkànnì, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà sí ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé bá tẹ̀ sínú àpótí ìwárí. Ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà mú pátákó ìtẹ̀wé kan, irú Gboard tó ní Yorùbá, kí gbogbo ẹni tó ń bá yín kọ̀wé máa lo ọ̀kan náà.

Ní ti fọ́ǹtì, ẹ tẹ ìlà kan tó ní ẹ́, ọ̀, ṣ, ń, ǹ àti m̀ nínú, kí ẹ ṣí i lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Bí àmì kan bá fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tí àpótí ṣófo bá yọ, ẹ yí fọ́ǹtì padà. Noto Sans ń gbé lẹ́tà wa dáadáa. Ẹ má gbàgbé láti kọ sans-serif tẹ̀lé e, kí fóònù tí kò bá rí Noto gbà lè lo èyí tó ní nínú ara rẹ̀.

Ẹ dán an wò lórí fóònù ẹlòmíràn

Ẹ má fi fóònù tiyín nìkan wò ó. Ẹ ṣí i lórí Chrome, lórí Opera Mini ní ipò tó ń fún dátà pa jù, lórí Firefox tí ẹ ti pa JavaScript rẹ̀, àti lórí iPhone. Lórí iPhone tó wà lọ́wọ́ wa níbí, Safari nìkan ti tó, torí ẹ̀rọ kan náà ni Chrome ibẹ̀ ń lò nísàlẹ̀. Ìtàn gbọ́dọ̀ ṣeé kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbi gbogbo. Kò pọn dandan kó lẹ́wà bákan náà.

Ẹ sọ lẹ́tà di ìlọ́po méjì, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kò gun ara wọn. Bí ẹni tó ṣe ìkànnì yín bá ti kọ user-scalable=no, ẹ yọ ọ́ dànù; àwọn ìyá wa ń fẹ́ fi ìka méjì fẹ ọ̀rọ̀. Kí àwọ̀ lẹ́tà yàtọ̀ sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìwọ̀n 4.5 sí 1, ó kéré tán. Eérú lórí funfun, mi ò fẹ́ ẹ rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ tan TalkBack, ẹ di ojú yín, ẹ ka ojú ìwé kan parí. Bí ẹ kò bá ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo èyí tí mo kọ, ẹ ṣe ìyẹn.

Àwòrán aṣọ

Ibi tí ẹ̀rù ti tọ́ sí àwọn ahunṣọ nìyí. Ìyá tó jókòó sí ìdí òfì olóòró, tó fi ọwọ́ to ìlà aṣọ, kò fẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ránkí gbé àwòrán rẹ̀ sórí aṣọ olówó pọ́ọ́kú. Ohun tí mo ń ṣe ni pé àwòrán ńlá tí kámẹ́rà yà kì í dé orí ìkànnì láéláé. Inú dírááfù, ohun èlò tí a fi ń tọ́jú fáìlì, tó wà nílé ìyá náà ló ń gbé, ẹ̀dà kejì á sì wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Èyí tí mo ń gbé síta kì í fẹ̀ ju píksẹ́lì 1200 lọ. Ó tó fún ẹni tó fẹ́ rà á láti rí i; kò tó fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀pá aṣọ. Ó tún ń dín dátà kù fún gbogbo wa.

Orúkọ tí ẹ bá kọ sójú àwòrán, ẹ má fi í sí igun, nítorí wọ́n á gé e kúrò. Ẹ jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó là á kọjá láàárín aṣọ, kó má sì bo ojú èèyàn. Ẹ tún lè kọ orúkọ oníṣẹ́ àti ọdún sínú fáìlì náà fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní IPTC, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé bí ó bá gba WhatsApp kọjá gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, ìyẹn á pa rẹ́.

Ẹ kọ alt, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe àwòrán fún ẹni tí kò rí i, sí gbogbo àwòrán. Kí ẹ má kọ "aṣọ" nìkan. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó sọ fún ẹni tó bá bi yín lórí fóònù: "Aṣọ òfì pupa, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ní etí rẹ̀, ó ṣì wà lórí òfì, ọwọ́ ìyá tó ń hun ún wà lórí òwú." Àwọn kan máa ń fi àwòrán pa mọ́ sí ẹ̀yìn ojú ìwé, nínú CSS, kọ́òdù tó ń ṣètò ìrísí ojú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gbé e. Alt kò sí níbẹ̀, bàbá wa ti Ìsánlú kò sì ní mọ̀ pé aṣọ kankan wà.

Ohun tí kò yẹ kó jáde

Nǹkan wà tí ìdílé kì í sọ lójú àlejò. Orin ìdí orò wà, orúkọ ibi kan wà. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ olórí ẹbí kí n tó tẹ lẹ́tà kan, bí wọ́n bá sì ní rárá, rárá náà ni. Kò sí kọ́òdù tó lè dáàbò bo ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé sí gbangba.

Nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àkọsílẹ̀ owó, ẹ fi wọ́n sí ẹ̀yìn orúkọ ìwọlé àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí kọ̀ǹpútà ìkànnì fúnra rẹ̀ ń yẹ̀ wò kí ó tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Kí ẹ fi JavaScript bò wọ́n kò tó, kí ẹ kàn má fi link wọn sójú ìwé kò sì tó. Ẹ má rò pé robots.txt, fáìlì tó ń sọ ibi tí a kò fẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ ìwárí wọ̀, ń fi nǹkan pa mọ́: ẹnikẹ́ni ló lè ṣí fáìlì yẹn kà, tí yóò sì rí àdírẹ́sì tí ẹ ń sá pa mọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló jẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ tó ń kiri orí ayélujára. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yín kọ́ ẹ̀rọ AI, ẹ lè dárúkọ GPTBot, CCBot àti Google-Extended síbẹ̀ pé kí wọ́n má wọlé. Ẹ má ṣèèṣì lé Googlebot dànù mọ́ wọn, torí òun ló ń mú kí wọ́n rí yín nígbà ìwárí.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín bá ọ̀rọ̀ náà rìn

Lọ́dọ̀ wa, WhatsApp ni ìtàn ti ń bọ́ mọ́ ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ẹnì kan á kọ́pì ìpínrọ̀ mélòó kan sí ẹgbẹ́ ìdílé, ẹlòmíràn á gbé e lọ sí ẹgbẹ́ ìlú, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di "forwarded as received". Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe olè. Ohun tí wọn ì bá fi dárúkọ yín ni kò sí nítòsí.

Nítorí náà, mo máa ń fi orúkọ ẹgbẹ́ àti ìlú sínú gbólóhùn àkọ́kọ́ ìtàn gan-an: ẹni báyìí ló gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ilé báyìí, ní ọdún báyìí. Ẹni tó bá kọ́pì ìpínrọ̀ yẹn ti gbé yín dání. Ní ìsàlẹ̀, mo máa ń kọ ìlà kan tó ti pé fún ẹni tó fẹ́ tún un lò, orúkọ, ọdún, link, pẹ̀lú bọ́tìnì tó ń fi link ránṣẹ́ sí WhatsApp. Ẹ kọ og:title, og:description àti og:image sínú àmì head ojú ìwé, kí link náà lè gbé àwòrán àti àkọlé jáde nínú WhatsApp. Bí ó bá lẹ́wà bẹ́ẹ̀, link ni wọ́n á máa pín.

Ẹ sọ àyè tí ẹ fún wọn lédè tó yé èèyàn: "Ẹ lè pín link yìí. Ẹ lè lo ìpínrọ̀ kan bí ẹ bá dárúkọ wa. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ níwèé, ẹ kọ̀wé sí wa."

Bí wọ́n bá jí i lóòótọ́

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 2022, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023, fún yín ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ẹ kọ látìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí ìwé kíkọ máa ń wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ Nigerian Copyright Commission kì í ṣe dandan, ó kàn ń fún ẹ̀rí yín lókun ni. Kí ó yé yín pé òfin yìí kò fún yín ní ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé nípa ìlú yín. Ọ̀nà tí ẹ gbà tò ó, gbólóhùn yín, fọ́tò yín, ìwọ̀nyẹn ni kò gbọdọ̀ gbé.

Ẹ kó ẹ̀rí jọ kí ìjà tó dé. Lọ́jọ́ tí ìtàn bá jáde, ẹ gbé àdírẹ́sì rẹ̀ lọ sí Wayback Machine ti Internet Archive, ẹ tẹ Save Page Now, yóò tọ́jú ẹ̀dà kan pẹ̀lú ọjọ́ lára. Ẹ fi ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ àti ohùn àwọn àgbà tí ẹ gbà sílẹ̀ pa mọ́.

Bí ẹ bá wá rí i níbòmíràn, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni náà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́. Ìtàn yìí, àwa la kọ ọ́, link rẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi orúkọ wa sí i tàbí kí ẹ yọ ọ́." Láàárín àwa Òkun, ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí síbẹ̀, torí ẹ ó ṣàwárí pé ìyá rẹ̀ mọ ìyá yín. Bí ó bá kọ̀, ẹ ya ojú ìwé rẹ̀, kí ẹ lo fọ́ọ̀mù ẹ̀tọ́ àdàkọ Facebook tàbí ti ilé iṣẹ́ tó gba ìkànnì rẹ̀ sílé. Òfin Amẹ́ríkà kan tó ti wà láti 1998, DMCA, ló mú kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, òfin tiwa náà sì ti ní ètò ìyọkúrò bẹ́ẹ̀ nínú báyìí. Orúkọ yín, àdírẹ́sì tí ẹ fi lè gba èsì, link tiyín, link tirẹ̀, àti gbólóhùn tó sọ pé òótọ́ ni ẹ sọ àti pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ni wọ́n máa ń béèrè. Google ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gbà, link ẹni náà á kúrò nínú èsì ìwárí, kódà bí ojú ìwé rẹ̀ bá ṣì wà. Ẹ tọ́jú ímeèlì tí wọ́n bá fi dáhùn, nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tún gbé e síbòmíràn, lẹ́tà kan náà lẹ ó sì tún fi ránṣẹ́.